Pẹ́dà jáàsì: èwo ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlù fowó díẹ̀ rà?

Lẹ́yìn ìsìn ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìpẹru, bí mo ṣe ń tú ìlù palẹ̀, ìyá kan wá bá mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi yìí ní kí n ra pẹ́dà fún òun. Mo bi èèyàn mẹ́rin. Ẹnìkan ní ṣéènì méjì ni kí n rà, ẹnìkan ní ayé ti kúrò ní ṣéènì, dàírẹ́ẹ̀tì ló kù, ẹnìkan ní kí n kúkú ra dọ́bù lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kẹrin ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, kí n mú èyí tówó ẹ̀ bá kéré jù. Èwo ni kí n gbọ́ níbẹ̀?" Ọmọ ọ̀hún dúró sẹ́yìn ìyá ẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún 13 lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ò sinmi, ó ń fi bàtà gbá táìsì tì, tì, tì bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Láti Ṣàgámù dé Òdógbolú dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí láìmọye ìgbà láàárín àwọn ọmọ tó ń lu jáàsì, àwọn òbí tó fẹ́ náwó á kàn máa wò wọ́n lẹ́nu ni, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi náà ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Pẹ́dà tí mo kọ́kọ́ fowó ara mi rà, ó ń dán gbinrin, ibi tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló là sí méjì kí oṣù tó parí, níbi ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo sì lu ìlù láìsí bàsì títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn èèyàn ń jó ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé agbo ti tutù. Mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan rí irú ọjọ́ yẹn, torí náà ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí láti ìsàlẹ̀.

Kí ló ń jẹ́ pẹ́dà gan-an?

Jáàsì la máa ń pe drọ́ọ̀mù sẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wa, ìyẹn àwọn ìlù àti símbà (àwo idẹ tí wọ́n ń fi igi gbá) tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sáàárín ẹ̀ lù. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tó dùbúlẹ̀ bí àgbá, òun ni bàsì, àwọn ọmọ ìsìnyí ń pè é ní kíìkì. Ẹsẹ̀ la fi ń lu ìyẹn, pẹ́dà ló sì wà láàárín ẹsẹ̀ àti ìlù.

Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wa, ẹ rántí bí àgídìgbo ṣe máa ń dún nísàlẹ̀ tí gbogbo ìlù yòókù á máa sáré lórí ẹ̀. Iṣẹ́ tí bàsì ń ṣe nínú jáàsì nìyẹn. Tí bàsì bá ń falẹ̀, bó wù kí ọwọ́ onílù yá tó, ijó ò ní gbé ara.

Ẹ wá wo maṣíìnì ìránṣọ, èyí tí tẹ́lọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Á tẹ irin nísàlẹ̀, nǹkan kan á gbé agbára ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ sókè, abẹ́rẹ́ á gún aṣọ. Pẹ́dà ò yàtọ̀ síyẹn púpọ̀. Pátákó irin kan wà tẹ́ ẹ máa tẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní pátákó ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á fa ṣéènì tàbí awọ kan wálẹ̀, ìyẹn á yí ọ̀pá ìdábùú kan lókè, bítà tó wà lára ọ̀pá yẹn á sì gbá ojú ìlù. Bítà yìí ni kọ̀ǹgọ́ ẹsẹ̀, bí onídùndún ṣe ń mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ yín ṣe ń mú bítà. Sípíríǹgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń fa bítà padà sẹ́yìn lẹ́yìn tó bá ti gbá ìlù tán, kó lè múra fún òmíràn. Ìdìmú kan sì wà níwájú tó ń gbá irin tàbí igi roboto tó yí ojú ìlù ká mú kí pẹ́dà má baà sá lọ. Ó tán. Gbogbo èyí tí wọ́n ń polówó, orí nǹkan mélòó kan yìí náà ni wọ́n ń yí sí.

Ó ní ìgbà kan tó jẹ́ pé igi ọwọ́ kan náà ni onílù fi ń lu bàsì àti snare, ìyẹn ìlù kékeré tó wà níwájú ẹ̀, á lu tibí, á sáré lu tọ̀hún. Pẹ́dà díẹ̀ ti wà nígbà yẹn ṣùgbọ́n wọn ò yá. Lọ́dún 1909, William Ludwig, ọmọ Jámánì tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, òun àti àbúrò ẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Chicago torí pẹ́dà tó yá tí òun fúnra ẹ̀ ṣe, torí ìlù tó ń lù nígbà yẹn ti ń sáré ju pẹ́dà tó wà lọ. Ẹ ò rí i pé onílù tí pẹ́dà ń dà láàmú ló tún pẹ́dà ṣe.

Ṣéènì, awọ, àbí dàírẹ́ẹ̀tì?

Ohun tó so pátákó ẹsẹ̀ mọ́ òkè ni wọ́n ń jà lé lórí níbí, kò ju ìyẹn lọ.

Ṣéènì ló wọ́pọ̀ jù, ó sì jọ ṣéènì kẹ̀kẹ́ gan-an. Ó lágbára, kì í nà bí awọ, tó bá sì ní wàhálà, oníkẹ̀kẹ́ tó mọṣẹ́ lè bá yín wò ó. Òmíràn jẹ́ ìlà kan, òmíràn jẹ́ ìlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oníméjì kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó sì wúwo díẹ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò lè mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ rárá, mo fi dá yín lójú.

Awọ tàbí okùn pẹrẹsẹ ni wọ́n ń lò ṣáájú ṣéènì. Ó fúyẹ́, kì í pariwo, àwọn àgbà kan ò sì lè fi sílẹ̀ títí dòní. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ó máa ń gbó, ó sì lè já.

Dàírẹ́ẹ̀tì wá ni èyí tí wọn ò lo ṣéènì tàbí awọ, ọ̀pá irin gbọn-in kan ló so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè. Ohunkóhun tí ẹsẹ̀ bá ṣe, bítà á ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sí ibi tó ti máa dẹ̀. Ó dáa lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ń pè é ní ohun ìgbàlódé, kí wọ́n mọ̀ pé pẹ́dà tí Ludwig gbé jáde lọ́dún 1937, Speed King, dàírẹ́ẹ̀tì ni, kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa nìyẹn. Dàírẹ́ẹ̀tì tòde òní tó dáa máa ń wọ́n, èyí tí ò sì wọ́n nínú ẹ̀, bí ibi ìsopọ̀ ọ̀pá ẹ̀ bá fi jẹ díẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ á ti máa gbọ́ ọ. Torí náà èsì mi fún ìyá ará Ìpẹru ni ṣéènì, kódà ẹyọ kan ti tó.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún èèyàn. Ibi tí ṣéènì ti gba òkè kọjá, irin kan wà níbẹ̀ tó dà bí àyíká kẹ̀kẹ́, kámù ni wọ́n ń pè é. Tó bá rí roboto, bó ṣe máa wúwo lẹ́sẹ̀ yín ní ìbẹ̀rẹ̀ náà ló máa wúwo títí dé òpin. Tó bá gùn bí ẹyin, á yára sí i bó ṣe ń súnmọ́ ojú ìlù, ìlù á sì ké ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nílò roboto, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè mọ̀ pé bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ló ṣe dún tó.

Dọ́bù ńkọ́?

Dọ́bù ni pẹ́dà méjì fún bàsì kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì lórí èkejì, ọ̀pá gígùn kan ló gbé agbára ti òsì wá sọ́dọ̀ ti ọ̀tún, bí ṣáfútù tó wà lábẹ́ lọ́rì. Oríkèé tó wà lójú ọ̀pá yẹn ló kọ́kọ́ máa ń jẹ. Owó ẹ̀ sì ju ti ẹyọ kan lọ dáadáa.

Ẹ má rà á fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ní iṣẹ́ tiẹ̀ lórí háíhàtì, ìyẹn símbà méjì tó dojú kọra tí ẹsẹ̀ máa ń pa pọ̀, kó kọ́ ìyẹn ná. Tony Allen, ọmọ Èkó tí wọ́n bí lọ́dún 1940, ó ti tó ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù, òun ló wá lu Afrobeat fún Fẹlá, ẹsẹ̀ ọ̀tún kan lórí pẹ́dà kan, ẹsẹ̀ òsì lórí háíhàtì, ọwọ́ méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ míì, gbogbo ayé sì ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ títí tó fi kú ní Paris lọ́dún 2020. Àti pé owó tẹ́ ẹ máa fi ra dọ́bù tí ò dáa, ẹyọ kan tó dáa gan-an lẹ ó fi rà.

Kí ni kí n fọwọ́ kàn kí n tó sanwó?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Owó tó ń ṣòfò lórí pẹ́dà, kì í ṣe torí ṣéènì tàbí dàírẹ́ẹ̀tì, torí pé nǹkan ti dẹ̀ tàbí ti jẹ lára ẹ̀ tẹ́nì kankan ò yẹ̀ ẹ́ wò ni. Dídán ẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, ẹ fi ìka kan fa bítà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó máa fì síwá fì sẹ́yìn bíi jangirọ́fà fúngbà díẹ̀ kó tó dúró. Tó bá fì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré tó dákẹ́, nǹkan kan ń dì í mú nínú, ẹsẹ̀ ọmọ yín ló sì máa máa fa nǹkan ọ̀hún lójoojúmọ́.

Ẹ tún di ọ̀pá bítà mú, kẹ́ ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì, kì í ṣe síwá sẹ́yìn o. Tó bá ń ta kọ́kọ́kọ́, bíárìn ti kú tàbí ihò tí ọ̀pá ìdábùú ń yí nínú ẹ̀ ti fẹ̀. Ẹni tó ti gun ọ̀kadà tí táyà ẹ̀yìn ẹ̀ ń jó lọ jó bọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa de nọ́ọ̀tì tó tí ìyẹn á fi lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ tẹ etí pátákó ẹsẹ̀ lápá kan, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lápá kejì. Tó bá ń lọ́ bí ilẹ̀kùn tí ìdè ẹ̀ ti jẹ, ibi gìgísẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa, bóyá ó ti sán níbì kan, bóyá wédà ti jó o rí. Ká ní mo dojú tèmi yẹn délẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á ni, mi ò bá ti rí ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn lé.

Àwọn bóòtù kéékèèké tó di bítà àti sípíríǹgì mú, orí wọn máa ń ní igun mẹ́rin torí kọ́kọ́rọ́ ìlù la fi ń yí wọn. Tí igun mẹ́rin yẹn bá ti di roboto, kọ́kọ́rọ́ ò ní rí i dì mú mọ́. Ẹ tú sípíríǹgì díẹ̀ kẹ́ ẹ tún dè é padà lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń yí. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé bàsì kan wá, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn, ìdìmú tí ò bá gbá ìlù mú pinpin níbẹ̀ ò ní gbá a mú nílé. Tó bá ń han gwìngwìn ṣá, ọ́ìlì díẹ̀ ló ń béèrè, ìyẹn kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa torí ẹ̀ sá, ẹ fi bẹ owó wálẹ̀.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà. Òmíràn ní irin pẹrẹsẹ kan lábẹ́ láti iwájú dé ibi gìgísẹ̀, òmíràn ò ní in, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Oní-pẹrẹsẹ kì í yẹ̀, kì í lọ́. Oní-ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fúyẹ́, ó ṣe é ká sínú báàgì, ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti Ìlíṣàn lọ sí ìpàdé akọrin ní Ìkẹ́nnẹ́ lè fẹ́ ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ojú kan ni ìlù yín ń gbé, oní-pẹrẹsẹ ni kẹ́ ẹ mú.

Ọmọ tó fẹ́ lù ú gan-an ni kó jókòó kó tẹ̀ ẹ́, ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Ẹ má jẹ́ kí èmi tàbí ẹnikẹ́ni bá a yàn án nílé.

Tuntun ni àbí tòkunbọ̀?

Èrò mi lórí èyí ò fepo bọyọ̀. Tòkunbọ̀ ilé iṣẹ́ tó lórúkọ, tó yege gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí, ó sàn ju tuntun tí ò lórúkọ tí wọ́n ta lówó pọ́ọ́kú. Irin ẹ̀ le jù, sípíríǹgì ẹ̀ kì í tètè sú, ọdún márùn-ún sí i tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹlòmíì á rà á.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ṣe pẹ́dà tówó ẹ̀ fúyẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Yamaha ní FP7210A, Tama ní Iron Cobra 200, DW ní 3000 tó rẹlẹ̀ sí 5000 wọn tí gbogbo ayé mọ̀. Pearl àti Mapex náà ní tiwọn. Mi ò sọ pé ọ̀kan nínú wọn ni kẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rà, orúkọ wọ̀nyí kàn máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa fojú sí tẹ́ ẹ bá dé Alábà l'Ékòó, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń lọ ra ohun èlò orin. Ẹ tètè jí kúrò nílé, kẹ́ ẹ ráyè yẹ nǹkan wò, torí ẹni tó bá dé ọjà nírọ̀lẹ́ tó ń ro gọ̀-sílóò Berger àti ọ̀nà Ṣàgámù, ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló máa mú. Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú: tó bá jẹ́ pé pépà lásán tó ti ń ṣí ni wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá sí lára ẹ̀, ẹ rọra.

Tó bá jẹ́ pé tuntun tí ò lórúkọ yẹn nìkan lagbára ká, ẹ má banú jẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bákan náà. Mo ti rí díẹ̀ nínú wọn tó pẹ́.

Bítà wo ló dáa?

Èyí ò le. Bítà tí wọ́n fi irun àgùntàn kì pọ̀ gírígírí ń mú ohùn tó jinlẹ̀ tó sì rọ̀, oníke tàbí onígi ń mú ohùn tó ń ta kìì tó sì ń tètè jẹ ojú ìlù. Onírun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní irun lápá kan, ike lápá kejì, ìyẹn náà dáa. Ẹ wá ìrépé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ibi tí bítà ń gbá lójú ìlù kó lè pẹ́.

Bẹ́ ẹ bá sì rí "Remo" lójú ìlù, kì í ṣe Rẹ́mọ tiwa o, mo mọ àwọn ọmọ Ṣàgámù tí inú wọn dùn gidi nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Remo Belli, ará Amẹ́ríkà, ló dá ilé iṣẹ́ awọ ìlù oníke yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1957, orúkọ ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Mo ti rà á, báwo ni màá ṣe tò ó?

Ọ̀pọ̀ pẹ́dà tí wọ́n ń bú pé ò dáa, wọn ò tò ó dáadáa ni. Bítà gbọ́dọ̀ máa gbá ìlù lágbedeméjì tàbí díẹ̀ sókè ẹ̀. Tí bàsì yín bá jẹ́ ínǹṣì 22, ínǹṣì 11 láti etí ni àárín ẹ̀ wà, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ fi ọ̀pá bítà sí ibi tó bá a mu. Ẹ má jẹ́ kí bítà ó sún sẹ́yìn jù débi tó fi máa gbá egungun ojúgun, kó má sì súnmọ́ ìlù jù tí ohùn ò fi ní jáde. Ìdajì láàárín kó dúró ṣánṣán àti kó sùn sílẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Sípíríǹgì ni àwọn ọmọ máa ń ṣì ṣe jù. Wọ́n rò pé bí àwọn bá de é le gan-an, àwọn á yára. Ẹsẹ̀ á kàn rẹ̀ wọ́n ni, á máa dun wọ́n lójú ọrùn ẹsẹ̀ kí orin kejì tó parí. Tí wọ́n bá sì tú u jù, bítà á máa pẹ́ kó tó padà, á máa lẹ̀ mọ́ ojú ìlù. Ẹ fi sí àárín, ẹ lù ú fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó tún un fọwọ́ kàn. Kí ọmọ kọ́kọ́ máa fi gìgísẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin jẹ́jẹ́, tí ẹsẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n kó wá máa gbé gìgísẹ̀ sókè fún ohùn ńlá.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ibi tó ń yí, kẹ́ ẹ wo gbogbo nọ́ọ̀tì bóyá ó ti ń tú. Níbi òjò ti ń rọ̀ bí tiwa yìí, irin tí wọ́n bá gbàgbé sí yàrá ìlù á dípẹtà kí Kérésì tó dé.

Ìyá yẹn pè mí lánàá. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà, ṣéènì kan, irin pẹrẹsẹ wà lábẹ́ ẹ̀, bítà onírun, ọmọ náà ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ mì ín sọ́tùn-ún sósì níwájú ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n ó ní tọ́mọ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo bàsì á máa rìn lọ síwájú lórí táìsì ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ń rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Mo ní, "Mọ́mì, pẹ́dà ò ṣe nǹkan kan. Kápẹ́ẹ̀tì gbígbó kan ni kẹ́ ẹ wá, tó máa gba ìjókòó onílù àti bàsì pa pọ̀, kí ìjókòó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fa ẹsẹ̀ irin ìlù méjèèjì níwájú jáde kó gún kápẹ́ẹ̀tì ọ̀hún." Ó ní kápẹ́ẹ̀tì wà nílé, èyí tí wọ́n ká kúrò ní pálọ̀ nígbà Ọdún Àjíǹde, ọmọ náà á rù ú lọ ní Sátidé.